Fọ́tò Ojú Ogun Ògèdèngbé

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ya fọ́tò ilẹ̀ tí Ògèdèngbé Agbógungbórò, ọ̀gágun Èkìtì Parapọ̀ (àjọṣepọ̀ àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà), ti bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Ìmẹ̀sí-Ilé lóṣù Ṣẹ́rẹ́, ńṣe ni gbogbo òkè rí bí ẹni pé wọ́n da eérú lé e lórí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọyẹ́ ló fa èyí, kì í ṣe kámẹ́rà yín. Ẹ padà lọ lóṣù Ọ̀wàrà, ní àárọ̀ kùtùkùtù lẹ́yìn ọjọ́ tí òjò rọ̀, nítorí òjò a máa fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, oòrùn tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò sì ta òjìji sí gbogbo àfonífojì, débi pé ẹni tó bá wo fọ́tò náà yóò rí ìdí tí Èkìtì Parapọ̀ àti Ìbàdàn fi dojú kọra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹnì kankan kò borí pátápátá títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ẹ kọjá sí apá Ìgbájọ náà, níbi tí Ìbàdàn tẹ̀dó sí. Ìró ìbọn ńlá ló bí orúkọ Kírìjí. Ìyẹn ni fọ́tò kò lè gbà. Ẹ jẹ́ kí igi ọ̀pẹ kan hàn níwájú, kí gíga òkè lè yé ènìyàn, kí ẹ sì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú.