Remington 700, Winchester 70 àbí Tikka T3x?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mo fẹ́ ra raifù ọdẹ oníbọ́ọ̀tì, mẹ́ta yìí ni wọ́n sì ń dárúkọ fún mi. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

ÌDÁHÙN: Bí bọ́ọ̀tì, irin tí a ń fọwọ́ tì síwájú sẹ́yìn láti ki ọta sínú ìbọn, ṣe ń mú ọta ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Winchester 70 ní èékánná gígùn tó ń gbá ìdí ọta mú bó ṣe ń kúrò nínú màgasíìnì, àpótí ọta inú ìbọn, títí yóò fi ju ìkarahun síta. Àwọn tí wọ́n ṣe láti 1964 fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ní in. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó.

Remington 700, tó jáde ní 1962, kàn ń ti ọta wọlé ni. Bí ẹ kò bá ti bọ́ọ̀tì náà pa tán tí ẹ fi tún fà á sẹ́yìn, ọta á kù sínú ihò, èkejì á wá gbá a nídìí, ìbọn á há. Ẹ máa tì í dópin.

Bákan náà ni Tikka ṣe ń ti ọta wọlé, àmọ́ ìwọ̀n igun (dígíríì) 70 péré ni ọwọ́ bọ́ọ̀tì rẹ̀ ń gbéra, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 90. Èyí ń fi àyè sílẹ̀ fún ọwọ́ lábẹ́ awò ìfojúsùn orí ìbọn. Fún àgbọ̀nrín, òun la máa yàn. Fún ẹran tó lè kọjú sí ọdẹ, Winchester eléèékánná ni.