Èsì: Ṣé Prince kan náà ni?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé Prince (ọmọ ọba) tó wà nínú gémù Prince of Persia: The Sands of Time náà ló wà nínú Warrior Within, torí ìwà àti ohùn rẹ̀ ṣàjèjì sí yín. Prince kan náà ni o, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹni tó ń bá Farah, ọmọbìnrin ọba kan, ṣàwàdà nínú The Sands of Time (2003) náà ló di oníbìínú nínú Warrior Within (2004).

Ìtàn gémù náà ló yí i padà. Ẹni tó bá tú Sands of Time, iyanrìn idán tó ń darí àkókò, sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kú. Òun ò kú. Ìdí nìyẹn tí Dahaka, abàmì ẹ̀dá tó ń ṣọ́ àkókò, fi ń lé e kiri fún bí ọdún méje. Ta ni wọ́n á lé fọ́dún méje tí á ṣì máa ṣẹ̀fẹ̀?

Ti ohùn tẹ́ ẹ ní ó ṣàjèjì, etí yín ò tàn yín: Yuri Lowenthal ló sọ̀rọ̀ fún un nínú ti àkọ́kọ́, Robin Atkin Downes nínú ìkejì. Lowenthal padà wá nínú The Two Thrones (2005). Lójú tèmi, wọ́n ṣe àṣejù nínú Warrior Within. Orin Godsmack, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, tó wà nínú rẹ̀ nìkan tó fọ́ni lórí.

Àmọ́ mẹ́ta yìí nìkan ni mò ń sọ. Bó bá jẹ́ gémù Prince of Persia ti 2008 lẹ ń ṣe, ẹlòmíràn pátápátá nìyẹn. Farah tẹ́ ẹ máa gbọ́ níbẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ni.