Kí ló dé tí aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fi sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí búlúù, tí ti àwọn míì sì ní àwòrán?

Ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Funfun ni wọ́n ń wọ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹjú mọ́ ẹ̀jẹ̀ pẹ́, tó wá wo nǹkan funfun, á máa rí àbàwọ́n aláwọ̀ ewé tí kò sí níbẹ̀ rárá. Àwọ̀ ewé àti búlúù kì í jẹ́ kí ìyẹn hàn.

Ní ti aláwòrán, ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ló wọ́pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Ọmọ tó ń sunkún nítorí abẹ́rẹ́ lè dákẹ́, kó máa ka ẹja ara aṣọ nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì ló lè yan èyí tó wù ú o. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ti yan àwọ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.