Èsì: Pákó àti kápẹ́ẹ̀tì orí tírélà ọkọ̀ ojú omi

Ẹ kú ìbéèrè o, ará Àkúrẹ́. Ẹ ní pákó tí ọkọ̀ jókòó lé ti jẹrà, ṣé kẹ́ ẹ dá kápẹ́ẹ̀tì tó bò ó sí? Rárá, méjèèjì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀.

Ìrókò 2×4 tó gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ rà ní sọ́mìlì. Bí ara ọkọ̀ bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ sá fún pákó tí wọ́n fi oògùn tó ní bàbà sí. Bàbà náà á jẹ alumíníọ̀mù lára. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kẹ́ ẹ parí pákó kan kẹ́ ẹ tó tú ìkejì. Kápẹ́ẹ̀tì tí kò ní rọ́bà lẹ́yìn ló dáa, torí rọ́bà ń sé omi mọ́ igi. Abẹ́ pákó ni kẹ́ ẹ ti kàn án, pẹ̀lú píìnì stainless. Omi iyọ̀ etíkun Ìlàjẹ kì í dá irin lásán sí. Orí bóòtù (bolt) tó de pákó mọ́ tírélà gbọ́dọ̀ rì wọnú igi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ha abẹ́ ọkọ̀.