Ṣé ìdánwò skúùlù lè sọ bóyá ọmọ mi á ríṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2 níbí l'Ọ́ṣogbo, wọ́n ṣe ìdánwò kan fún wọn ní skúùlù láti mọ irú iṣẹ́ tó wu kálukú, tiẹ̀ wá jáde pé iṣẹ́ ọnà ni. Bàbá ẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ló máa ṣe, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣé ìdánwò yìí tiẹ̀ lè sọ bóyá ọmọ náà á ríṣẹ́ lọ́la? Ìyá ọmọ, Òkè-Baálẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó lè sọ díẹ̀. Irú ìdánwò yìí ti pẹ́, láti 1927 ni onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Strong ti gbé tiẹ̀ jáde l'Amẹ́ríkà. Ní Jámánì wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ tó ń parí skúùlù fún ọdún 10, ohun tí wọ́n ní ó wu àwọn nígbà yẹn tọ́ka sí ẹni tó máa ríṣẹ́ àti iye tó máa gbà, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ti ọpọlọ àti ìwà mọ́ ọn, ìyẹn ò kéré lójú mi rárá.

Àmọ́ tó bá di ká ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn tó kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ ní 2011 wo bí ohun tó wu èèyàn ṣe bá bó ṣe ń ṣiṣẹ́ mu, wọ́n rí 0.14 péré, bẹ́ẹ̀ 1 ni kó bá ara mu régí, 0 ni kó má bára mu rárá, ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló sàn díẹ̀, 0.26. Ẹni tó ń kọ́ ohun tó wù ú máa ń tètè mọ̀ ọ́n, kì í sì í yá a lára láti fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò ò lè bá a wá ẹni tó máa gbà á síṣẹ́.

Torí náà kí bàbá má ju ìwé yẹn nù, kẹ́ ẹ̀yin náà má sì sọ ọ́ di Ifá. Ní hólídè, ẹ mú u lọ bá àwọn aláàdìrẹ, ìlú aró kúkú ni wá, kó fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sára aṣọ fúnra ẹ̀, kó dúró ti ìkòkò aró títí ẹ̀yìn á fi dùn ún, kó béèrè iye tí wọ́n ń ra aṣọ funfun àti iye tí wọ́n ń tà á tó bá jáde nínú aró. Tẹ́ ẹ bá mọ nọ́ọ̀sì kan, kó lọ bá ìyẹn náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ kíláàsì sáyẹ́ǹsì ló wà, ẹ jọ̀ọ́ kó má tíì jáde o, nọ́ọ̀sì ò ṣeé ṣe láìsí Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì.