Ṣé lóòótọ́ ni pé 'vex' kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Fáànù tó wà lókè orí mi máa ń dún ké-ké-ké látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo wá kọ ọ́ sí ọ̀gá mi lórí WhatsApp pé 'This fan is vexing me.' Wọ́n ní pijin ni 'vex', pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ojú tì mí gan-an. Mo ti wá ra ìwé kan lórí fóònù, ₦2,500, ọ̀rọ̀ ńláńlá 50 tí wọ́n fi ń rọ́pò 'angry' ló wà nínú ẹ̀. Èwo ló dáa jù kí n lò nínú 'furious', 'livid', 'enraged' àti 'exasperated'?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má lo ìkankan. Ẹnì karùn-ún tó máa bi mí ní irú ẹ̀ lóṣù yìí nìwọ. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn n'Íbàdàn ńbí, mo sì ń túmọ̀ ìwé, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín lórí ìwé ọ̀rọ̀ ńláńlá yìí ti wá ká mi lára.

Ká kọ́kọ́ mú ti 'vex' kúrò nílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣí Bíbélì King James tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1611, wo Àwọn Onídàájọ́ 16:16, níbi tí Dẹ̀lílà ti ń da Sámsónì láàmú lójoojúmọ́ pé kó jẹ́wọ́ ibi tí agbára ẹ̀ wà, wọ́n ní ọkàn ẹ̀ 'was vexed unto death'. Pijin ló yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ gbọ́ yé mi, 'no vex' ló kún etí gbogbo wa níbí, torí ẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ilé àti ọ̀rẹ́.

Ibi tó ń dùn mí gan-an nìyí. Ẹni tó ṣe ìwé yẹn to ọ̀rọ̀ 50 sílẹ̀ bí ẹni to tòmátì, ó ní ìkan náà ni gbogbo wọn, pé èyí tó bá ti ṣòroó pè ló ń fi hàn pé èèyàn kàwé. Irọ́ ni! Ọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n. Àwọn tó ń ta gàrí ní Bódìjà ní kóńgò, wọ́n ní dẹ̀ríkà, ta ló máa wá fi kóńgò bu iyọ̀ sọ́bẹ̀? 'Livid' àti 'enraged', ìbínú tí ojú fi ń pọ́n tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n ni, irú èyí tí wọ́n bá lu ọmọ ẹ láìṣẹ̀ láìrò. 'Furious' ò jìnnà síbẹ̀. 'Exasperated' ní tiẹ̀, sùúrù ló tán, o ti sọ títí, o ti bẹ̀ títí, ó wá sú ẹ. Fáànù tó ń dún ké-ké-ké ò dé ìkankan níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ o mọ ìwọ̀n yìí ní Yorùbá, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ẹ. Tí ẹ̀fọn bá ń kùn létí ẹ, wàá ní ó ń yọ ẹ́ lẹ́nu. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, ó ń fìtínà ẹ, tó bá tún jù bẹ́ẹ̀, ó sú ẹ, ó ká ẹ lára, kó tó wá di pé inú bí ẹ. Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiẹ̀. 'Bother' ni yọ lẹ́nu, 'annoy' wúwo jù ú lọ díẹ̀, 'irritate' ni ti nǹkan tó ń ta èèyàn lára tí ò dáwọ́ dúró, òun náà ni nọ́ọ̀sì máa ń lò fún ọṣẹ tó ń mú ara yún. 'Niggle' ni nǹkan kékeré tó ń padà wá ṣáá, bí òkúta wẹ́wẹ́ inú bàtà. 'Nettle' ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, ewé kan ni nílùú òyìnbó tó ń jóni bí èsìsì tiwa, tí ẹnì kan bá wá sọ̀rọ̀ tó ta ẹ́ lára, wọ́n á ní ó 'nettle' ẹ.

Arákùnrin kan tí mo kọ́ nígbà kan kọ lẹ́tà sí lánlọ́ọ̀dù ẹ̀ ní Mókọ́lá torí ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó-tó lóru, ó kọ ọ́ pé 'I am incensed', ìyẹn ni pé inú ń bí i burúkú burúkú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni lánlọ́ọ̀dù yẹn, bàbá gbé awò sójú, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ránṣẹ́ pè é: 'Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?' Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi kí ara wọn dáadáa, omi sì ń kán lọ, wọ́ṣà kékeré lásán ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Wọ́n tún máa ń yí i sódì. Àwọn oníná á mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹran á jẹrà nínú fírísà, wọ́n á wá kọ ọ́ pé 'we regret any inconvenience'. 'Inconvenience' ni kí wọ́n ní kó o gba ẹ̀yìn wọlé torí wọ́n ń kun iwájú lọ́dà. Ẹran ẹni tó jẹrà kì í ṣe 'inconvenience'.

Ẹ sì ṣọ́ra fún 'nuisance' o. Nínú ilé, ìyọnu lásán ni, àmọ́ tí lọ́yà bá kọ ọ́ sí ẹ torí jẹnẹrétọ̀ ẹ, ọ̀rọ̀ òfin ló dà yẹn, ó lè dé kóòtù. Èdè lèmi mọ̀, mi ò kí ń ṣe lọ́yà, tó bá ti di bẹ́ẹ̀, wá lọ́yà tìẹ kó o tó fèsì.

Dákun, má ra irú ìwé yẹn mọ́. Díkíṣọ́nárì tí Oxford àti Cambridge ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ka gbólóhùn tí wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ lo ti máa rí ìwọ̀n ẹ̀.

Èyí ni kó o kọ sí ọ̀gá rẹ: 'Good morning, ma. The fan above my desk has been making a noise all week and it's bothering me. Please can someone look at it?' Fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n tó wọ mítíìnì.