Ìbéèrè Yín: Ìlú wo ni à ń pè ní "war-torn"?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nínú ìròyìn kan tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jọ kà nípa orílẹ̀-èdè Sudan, a bá ọ̀rọ̀ náà "war-torn" pàdé. Ọ̀kan nínú wọn túmọ̀ rẹ̀ sí ahoro, òmíràn sì bi mí bóyá a lè fi júwe sójà tó ti ojú ogun dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni, ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n sì sábà máa ń fi júwe: orílẹ̀-èdè, ìlú tàbí àdúgbò. Apá kejì rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n ń lò bí aṣọ bá fàya, aṣọ tó sì fàya, aṣọ ṣì ni. Ibi tí ogun ti da ayé rú, tí ẹbí ti túká, tí ọjà àti ilé ìwé kò lọ déédéé mọ́, ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn ṣì ń wá bí wọn yóò ṣe là á já níbẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu.

Ahoro yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro láàárín ọdún 1830 sí 1840: àwọn ará ìlú kó kúrò, igbó sì bò ó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí ibùdó ogun kò sì túká títí di 1893 bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ni a lè fi ọ̀rọ̀ yìí júwe láìṣì í lò.

Ẹ wo Khartoum, olú ìlú Sudan, náà. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023 tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ogun ìjọba àti RSF (Rapid Support Forces), ikọ̀ ológun tó ń bá wọn jà, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ti sá kúrò nílùú. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kóra jọ, wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná, wọ́n sì ń bu oúnjẹ fún àwọn tí kò ríbi sá sí. Ẹni tó bá pe irú ibẹ̀ ní ahoro ti pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí rẹ́ nínú ìròyìn, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. "Orílẹ̀-èdè tí ogun ti dà rú" ni àwa yóò kọ.

Ní ti sójà, wọn kì í sábà lò ó fún ènìyàn. Bí ogun bá ti sú u, "war-weary" ni wọn yóò pè é.

Ọ̀rọ̀ náà sì ní àsìkò tirẹ̀. Ogun abẹ́lé parí ní Sierra Leone ní 2002, ó sì parí ní Liberia ní 2003. Kò tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì máa fi júwe wọn lónìí.